Àgádágodo Mọ́kànlélógójì

Mọ́ńdè, 4 Oṣù Kẹta

Lẹ́tà Ilmari dé láàárọ̀ yìí. Ìlà mẹ́rin. Ọkùnrin yẹn, bí wọ́n bá ní kó sọ̀rọ̀ níbi ìgbéyàwó ara ẹ̀, ìlà mẹ́rin náà ló máa sọ. Ó ní òun ti tọ́jú kóòdù ẹ̀rọ-òtútù nínú kánẹ́ẹ̀lì, ìpìlẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà, fún ọdún mọ́kàndínlógún, ó ti tó òun, òun fẹ́ lọ máa pẹja ní Finland níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kóun tó lọ, kí ẹnìkan bá òun tú ọ̀rọ̀ àgádágodo inú ẹ̀ tó ti lọ́ mọ́ra. Ẹni tó bá ṣe é tó mọ́ jù, orúkọ onítọ̀hún lòun máa kọ sínú ìwé àwọn olùtọ́jú, níbi tí orúkọ òun wà.

Ta ló tún kù bí kì í bá ṣe èmi? Ọdún méje ni mo ti ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí ọkùnrin yìí. Mi ò lọ yunifásítì kankan. Orí kọ̀ǹpútà tí lẹ́tà E ẹ̀ ti jábọ́ ni mo ti kọ́ ara mi, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Ol Kalou níbí, ní Kenya. Kóòdù yẹn ló wà nínú àpótí tó ń mú táǹkì wàrà wa tutù ní ibùdó ẹgbẹ́ àwọn olówàrà. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e síbẹ̀. Àwọn tó kù lórí àtẹ lẹ́tà yẹn, níbi tí gbogbo àwa tó ń tún kóòdù ṣe ti ń kọ̀wé síra wa, mélòó nínú wọn ló ti rí màlúù rí?

Mo ka ibi tí wọ́n ti ń ti àgádágodo tí wọ́n sì ń ṣí i. Mọ́kànlélógójì.

Òjò ò tíì dé. Eruku wà nínú tíì, eruku wà nínú eyín.

Wẹ́sìdeè, 6 Oṣù Kẹta

Murugi ti dá Ilmari lóhùn lórí àtẹ, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. "Inú mi á dùn láti gbìyànjú." Ta ló bi ọ́ léèrè nípa inú ẹ?

Ọmọ tó gbé fóònù tó já sómi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn! Ó rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà mi, kò lọ mọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé àtúnṣe sí wẹ́wẹ́, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń to orúkọ sísàlẹ̀: ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó dán an wò, ẹni tó rí àṣìṣe ẹ̀. Tíì mi ló ń mu, mandazi mi, àkàrà ìyẹ̀fun díndín, ló ń jẹ. Nísinsìnyí ó wà ní Nairobi nínú ọ́fíìsì tí ògiri ẹ̀ jẹ́ dígí, wọ́n ń sanwó fún un lóṣooṣù kó máa ṣe ohun témi ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ iléeṣẹ́ wọn ń tẹ̀ lé orúkọ ẹ̀ káàkiri bí ìrù.

Ó lè gbìyànjú.

Sátidé, 9 Oṣù Kẹta

Màmá gbé àwo githeri, àgbàdo àti ẹ̀wà sísè, sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dúró.

"Wangeci, láti àárọ̀ lo ti tẹjú mọ́ nǹkan yẹn. Kí ló wà níbẹ̀?"

"Àgádágodo ni, Màmá."

"Àgádágodo ta?"

Mo ní kó rántí ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá wọlé á ti ilẹ̀kùn, bó bá ṣe tán á ṣí i. Bí kóòdù náà ṣe rí nìyẹn, torí ẹni méjì ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ òtútù lẹ́ẹ̀kan náà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín, ojú fèrèsé ni wọ́n máa ń bẹ́ jáde, ẹni tó bá sì bẹ́ jáde gbọ́dọ̀ rántí ṣí ilẹ̀kùn. Bó bá gbàgbé, àwọn tó tò síta á dúró títí ayé.

"Lọ́jọ́ Àjíǹde! Pẹ̀lú gbogbo èèyàn yẹn!"

"Ẹ ṣé. Torí ẹ̀ la ṣe ń dí gbogbo fèrèsé. A máa fi ẹ̀ṣọ́ kan síbẹ̀. Ọ̀nà yòówù kéèyàn gbà jáde, tó bá ti kúrò nínú yàrá báyìí, ẹ̀ṣọ́ á ṣí ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀. Ìlà mẹ́wàá á di ìlà mẹ́ta."

Màmá ronú sí i. "Bí ẹni tó wọlé bá wá jókòó síbẹ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn ńkọ́?"

"Màmá, ẹ lọ fún màlúù lómi jàre."

Tọ́sìdeè, 14 Oṣù Kẹta

Mo fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, odindi, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé.

Ilmari: "Ó tóbi jù. Gé e."

Bó bá jẹ́ pé ìrù iléeṣẹ́ kan wà lẹ́yìn orúkọ tèmi náà, ṣé bó ṣe máa dá mi lóhùn nìyẹn? Mo kàn ń bèèrè ni.

Mọ́ńdè, 18 Oṣù Kẹta

Òjò dé lánàá, ó dé pẹ̀lú ìbínú. Ọ̀nà ibùdó wàrà ti di ẹrẹ̀, alùpùpù bodaboda mẹ́ta ló ṣubú níwájú ṣọ́ọ̀bù mi kó tó di aago mẹ́wàá.

Murugi fi mẹ́jọ àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Kékeré kékeré, tí wọ́n gé bí ewé sukuma. Ilmari dá a lóhùn pé: "Ó mọ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀."

Mo fẹ́ràn ẹ̀!

Láti ọdún méje, ọkùnrin yẹn ò fẹ́ràn nǹkan kan tí mo ṣe rí. Èyí tó ga jù tí mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ni "Ó dáa." Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣì wà níbẹ̀, lókè àwọn ṣájà. Lónìí mo ń wò ó, ó ń ṣe mí bíi pé kí n já a.

Wẹ́sìdeè, 20 Oṣù Kẹta

Mo ka àtúnṣe Murugi lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì rí i. Lórí gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló kọ ọ́ sí: "Yọ fèrèsé, fi ẹ̀ṣọ́ sí i, má ṣe yí nǹkan mìíràn padà." Gbólóhùn mi ni! Ó wà lórí èyí tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kẹrìnlá. Mo kọ ọ́ sórí àtẹ láìfi bò pé olè jíjà ni.

Kò ju wákàtí kan lọ, fóònù dún.

"Àǹtí Wangeci, ẹ kú ojúmọ́."

"Ojúmọ́ wo? Iná ti lọ níbí látàná."

"Ẹ kọ ọ́ síwájú ọ̀gá mi pé mo jí iṣẹ́ yín."

"Àbí o ò jí i? Gbólóhùn ta lo kọ sórí ẹ̀?"

"Tiyín ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ ní tí mo bá kọ ọ́ lọ́nà mìíràn ẹ máa gbá mi létí. Èdè wo lẹ wá fẹ́ kí n fi kọ ọ́, Àǹtí? Ṣáínà?"

"Ó yẹ kó o fi orúkọ mi sísàlẹ̀!"

"Níbi ìlà wo? Ẹ ò yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ò dán an wò, ẹ ò rí àṣìṣe kankan nínú ẹ̀. 'Ẹni tó kọ́ mi' ò sí nínú àwọn ìlà táa ń kọ síbẹ̀."

Mo gé fóònù. Ó yẹ kó wà.

Fráídè, 22 Oṣù Kẹta

Ilmari, sí èmi àti gbogbo ayé: "Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kóòdù nìkan."

Ó dáa. Kóòdù ni yóò gbọ́.

Sátidé, 23 Oṣù Kẹta

Murugi ti dé ìkọkàndínlógún. Èmi tí mo ń gé tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà ní ìkẹrìnlá, torí bí mo bá yí ìlà kan padà báyìí, wákàtí kan gbáko ni kọ̀ǹpútà mi ń lò kó tó jí. Alákíyèsí ló fà á. Òun ló ń tẹ̀ lé gbogbo àgádágodo, tó ń wo ẹni tó tì í àti ẹni tó ń dúró, tó sì máa ń pariwo bó bá rí ibi tí ẹni méjì ti lè máa dúró de ara wọn láìlópin. Iṣẹ́ ńlá ni fún ẹ̀rọ kékeré.

Mo pa á. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni báyìí. Mo ti ń kọ àgádágodo kí wọ́n tó fi Murugi sílé ìwé gíga, mi ò nílò ẹni tó ń ṣọ́ mi.

Tọ́sìdeè, 28 Oṣù Kẹta

Mọ́kànlélógójì pé! Mo gé e sí ẹyọ mẹ́rìndínlógún, mo fi ránṣẹ́ láago mẹ́ta ọ̀sán, kí iná tó tún lọ láago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Murugi ṣì wà ní ọgbọ̀n. Ìlà igba ó lé mẹ́tàdínlógún ni mo yọ kúrò nínú kóòdù yẹn. Mo ra mandazi méjì fún ara mi. Wọ́n ti fi ṣílè márùn-ún lé e, mi ò bá wọn jà.

Sọ́ńdè, 31 Oṣù Kẹta

Àjíǹde. Mo jẹ mukimo títí. Mo lọ wo ilé ìyàgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn méjìlá tò síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí àtẹ. Ó jọ pé gbogbo wọn ló lẹ́bí.

Túsìdeè, 2 Oṣù Kẹrin

Murugi ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn, ta ni ì bá tún jẹ́. Lórí ìkejìlá ló kọ ọ́ sí:

"Àǹtí, nínú kóòdù àtijọ́, wọ́n máa ń ṣí àgádágodo ká tó dúró de òṣìṣẹ́ tó ń ka òtútù. Nínú èyí, ẹ̀ṣọ́ dúró títí dé òpin yàrá. Ṣé kò ní pẹ́ jù?"

Ẹ wo ọmọ yìí! Mẹ́rìndínlógún ni mo fi ránṣẹ́, ó rí i pé wọ́n dára, ó wá jókòó ṣa ẹyọ kan kó lè bù ú jẹ níwájú Ilmari. Mi ò tiẹ̀ ṣí ìkejìlá wò. Mo kọ ọ́ fún un: "Kí o tó bi mí ní ìbéèrè, lọ tún ohun tí mo kọ́ ẹ kà. Inú iléeṣẹ́ onídígí lo wà, kì í ṣe inú kóòdù."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi ránṣẹ́, torí ó dùn.

Wẹ́sìdeè, 3 Oṣù Kẹrin

Ilmari: "Ìdì kejì, ẹyọ mẹ́rìndínlógún yẹn, dára. Ṣé o ti dán an wò lórí ẹ̀rọ gidi?"

Ó dára! Ẹ̀rọ gidi sì ni nǹkan tí Murugi ò ní. Mo wọ bàtà òjò, mo gba ibùdó lọ. Bàbá Gakuru, tó ń bójú tó táǹkì, ń fi ìgbálẹ̀ ti omi jáde.

"Bàbá, mo fẹ́ fi kóòdù tuntun sínú àpótí."

"Èyí tó wà níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́."

"Èyí mọ́ ju ìyẹn lọ."

"Ṣé wàrà máa mọ̀ pé ó mọ́?" Ṣùgbọ́n ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó fọkàn tán mi, bàbá yẹn. Nígbà tí mo ṣe tán, táǹkì wà ní dígírì mẹ́rin geerege. Ó fi ọwọ́ kan ara ẹ̀ bí ẹni tó ń wo ibà ọmọ, ó ní ó dáa.

Fráídè, 5 Oṣù Kẹrin

Ọjọ́ méjì, dígírì mẹ́rin, kò yẹ̀. Mo fi ìlà náà sábẹ́ gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún: "Ẹni tó dán an wò lórí ẹ̀rọ gidi: Wangeci." Kí Murugi lọ wá táǹkì tiẹ̀ ní Nairobi.

Sọ́ńdè, 7 Oṣù Kẹrin



A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí bodaboda kan dé pẹ̀lú ìròyìn pé wàrà ti bàjẹ́. Nígbà tí èmi àti Màmá máa dé ibùdó, èèyàn ti kún ẹnu ọ̀nà. Dígírì mọ́kàndínlógún ni táǹkì. Òórùn náà ti sọ fún wa ká tó wo nọ́ńbà. Lọ́rì kì í wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nítorí náà wàrà Sátidé àárọ̀, ti ìrọ̀lẹ́, àti tòní, gbogbo ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Wọ́n ṣí ẹnu táǹkì. Wàrà ṣàn gba inú kòtò ojú ọ̀nà lọ, ó funfun, ó ń ṣe kúlúkúlú, àwọn ajá sá tẹ̀ lé e. Ìyá kan tó ní màlúù ẹyọ kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ́wọ́, ó kàn ń wo wàrà náà. Ì bá sàn kó bú mi.

Mo pariwo. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Mo kọ́kọ́ ní àwọn oníná ni. Bàbá Gakuru ní iná ò lọ látàárọ̀ Sátidé. Mo wá yíjú sí i, níwájú gbogbo wọn.

"Bàbá, kí lẹ fọwọ́ kàn?"

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan yàtọ̀ sí èyí tí mo máa ń fọwọ́ kàn ní gbogbo Sátidé. Bọ́tìnì ni mo tẹ̀."

"Ẹ ẹ̀ rí i! Ó fọwọ́ kan nǹkan!"

Alága ẹgbẹ́ wo Bàbá Gakuru. Ó ní kí ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ títí ìgbìmọ̀ máa fi jókòó lọ́jọ́ Túsìdeè. Bàbá náà yọ ọ́ lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì. Ọdún mẹ́tàlá ni kọ́kọ́rọ́ yẹn ti wà lọ́rùn ẹ̀.

Mo yọ àpótí, mo gbé e wálé. Bí mo ṣe ń lọ, mo ń sọ fún Màmá pé ó lè jẹ́ Murugi. Pé ó lè ti fi nǹkan kan sínú àwọn tiẹ̀ tó bá tèmi jà. Màmá ń rìn lọ níwájú mi. Lítà mẹ́rìnlá tiẹ̀ wà nínú kòtò.

Mọ́ńdè, 8 Oṣù Kẹrin

Kò sí kóòdù Murugi kankan nínú àpótí yẹn. Kò sí ìlà ẹ̀ kan péré, tèmi ni gbogbo ẹ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo tan alákíyèsí. Mo dúró fún wákàtí kan. Mo tẹ bọ́tìnì, ó sì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ó dárúkọ yàrá náà, ó dárúkọ ìlà náà. Ìkejìlá.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Òṣìṣẹ́ kan wà nínú kóòdù tó máa ń ka òtútù ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tó sì máa ń ti àgádágodo kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Sátidé, bí wàrà bá ti dúró, Bàbá Gakuru máa ń tẹ bọ́tìnì kó máa kà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún dípò ọ̀kan. Bọ́tìnì yẹn ló ń gbé wa wọ yàrá ìkejìlá. Ẹ̀ṣọ́ mi ti ilẹ̀kùn, ó yí iye ìṣẹ́jú padà, lẹ́yìn náà ó sọ fún òṣìṣẹ́ pé "parí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ, mò ń dúró." Òṣìṣẹ́ ò sì lè parí, torí ó fẹ́ wọlé wá kọ òtútù sílẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Ẹ̀ṣọ́ ń dúró de òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ ń dúró de ẹ̀ṣọ́. Ẹnikẹ́ni ò ka òtútù mọ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mọ́tò pé kó tan. Láti Wẹ́sìdeè dé Fráídè kò sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì. Mo sì fọwọ́ sí i pé mo ti dán an wò!

Kóòdù àtijọ́, èyí tó lọ́ bí irun tí wọn ò yà, ti ṣí ilẹ̀kùn ná kó tó dúró. Ilmari mọ̀ ọ́n láti ọdún mọ́kàndínlógún. Murugi rí i. Ìbéèrè ẹlẹ́nu jẹ́jẹ́ kan ló fi béèrè ẹ̀, lọ́jọ́ márùn-ún kí wàrà tó dà nù.

Màmá wọlé nígbà tí mo gbé orí lé tábìlì.

"O ti rí i?"

"Mo ti rí i."

"Iṣẹ́ ta ni?"

"Tèmi ni, Màmá. Murugi sọ fún mi. Ó bèèrè bóyá ẹ̀ṣọ́ ò ní pẹ́ jù."

"Èmi náà bèèrè. Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn."

Mi ò mọ bóyá kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Màmá fa àga.

"Gakuru ńkọ́?"

Àtúnṣe ẹ̀ ò ju ìlà méjì lọ: yàrá kékeré nínú yàrá ńlá, kí ẹ̀ṣọ́ ṣe tiẹ̀ níbẹ̀ kó sì jáde, ká tó máa dúró. Ìṣẹ́jú méje ni mo fi kọ ọ́. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn. Mo lè fi ìdì kẹta ránṣẹ́ lọ́la, kí n kọ "mo tún ìkejìlá ṣe díẹ̀" sórí ẹ̀, wọn ò sì ní mọ̀ ní Finland pé wàrà kankan bàjẹ́. Àwọn èèyàn ibùdó náà ò mọ kóòdù. Bàbá Gakuru ni wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí lójú wọn. Ilmari ti ní ó dára. Orúkọ yẹn ti wà létí ọwọ́ mi.

Bí mo bá sọ òtítọ́, Murugi ló máa gbà á. Murugi!

Túsìdeè, 9 Oṣù Kẹrin

Mo lọ. Mo dúró níwájú ìgbìmọ̀, bàtà òjò mi kún fún ẹrẹ̀, mo ní: "Kì í ṣe Bàbá Gakuru. Bọ́tìnì tó tẹ̀ ò ní ẹ̀bi. Kóòdù mi ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ara ẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́."

Ariwo sọ. Ọkùnrin kan ní, "Ẹnu yìí náà ló fi bú bàbá lọ́jọ́ Sọ́ńdè!" Òótọ́ ló sọ. Ìyá onímàlúù ẹyọ kan yẹn wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ, o máa ń tètè mọ ẹni tó ṣẹ̀," ni gbogbo ohun tó sọ.

Wọ́n dá ẹjọ́ náà: títí tí kóòdù tuntun máa fi pé oṣù kan láìdá wàhálà sílẹ̀, ní gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè, èmi ni yóò máa jókòó ti táǹkì, kí n máa ki ọ̀pá òǹka-òtútù bọ̀ ọ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí n sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri níbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Mo gbà.

Bàbá Gakuru gbé kọ́kọ́rọ́ sọ́rùn padà. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, Bàbá." Ó ní, "Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àbí mi ò sọ bẹ́ẹ̀?" Ó sì fún mi ní tíì.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo kọ lẹ́tà sórí àtẹ kí ọkàn mi tó yí padà. Mo sọ ti wàrà. Mo sọ ti alákíyèsí tí mo pa. Mo ní kí wọ́n yọ ìlà "ẹni tó dán an wò" kúrò, irọ́ ni. Mo wá to orúkọ sábẹ́ ìkejìlá tuntun. Ẹni tó kọ ọ́: Wangeci. Ẹni tó rí àṣìṣe ẹ̀:

Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mo lọ dá iná sílẹ̀, mo se omi, mo padà wá. Lẹ́tà mẹ́fà péré ló wà nínú orúkọ yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́. M, U, R, U, G, I. Mi ò tẹ nǹkan tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí.

Fráídè, 12 Oṣù Kẹrin

Murugi pè.

"Àǹtí, mo ka lẹ́tà yín. Ẹ pẹ̀lẹ́ ti wàrà. Ṣé ti Màmá wà nínú ẹ̀?"

"Lítà mẹ́rìnlá."

"Háà."

"O ò ní sọ pé o sọ fún mi?"

"Ẹ ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé, kí ló kù tí mo fẹ́ sọ?" Ó wá ní, "Àmọ́ ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ onídígí yẹn dùn mí o. Wọ́n ti sọ mí ní Onídígí ní ọ́fíìsì báyìí."

Mo rẹ́rìn-ín kí n tó rántí pé mò ń bínú sí i.

Sọ́ńdè, 21 Oṣù Kẹrin

Dígírì 4, 4, 4, 4, 3, 4. Ṣọ́ọ̀kì ti wọ gbogbo èékánná mi. Àwọn tó ń gbé wàrà wá máa ń dúró ka ògiri, wọn á wá kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Túsìdeè, 30 Oṣù Kẹrin

Ilmari ti kọ ọ́. Murugi ni.

Orúkọ ẹ̀ ti wà nínú ìwé olùtọ́jú, ní ipò Ilmari. Èmi wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ìlà kejì: ayẹ̀wò. Ohunkóhun tí Murugi bá fẹ́ wọlé, èmi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà á. Sí èmi nìkan, lẹ́tà ọ̀tọ̀, Ilmari kọ ìlà márùn-ún, tó fi ìlà kan ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ní lẹ́tà wàrà yẹn lòun kà fún ìyàwó òun.

Mi ò fẹ́ kó kà á fún ìyàwó ẹ̀. Orúkọ ni mo fẹ́.

Mo jowú títí tí githeri fi tutù. Ọmọ tó gbé fóònù tó já sómi wá! Mo tún wo "Ó dáa" lára ògiri. Mi ò já a.

Sátidé, 4 Oṣù Karùn-ún

Ibùdó wàrà, ọ̀sán, òjò ń rọ̀ lórí páànù. Dígírì mẹ́rin.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ tí Murugi máa fi ọwọ́ olùtọ́jú kọ dé. Mẹ́ta péré. Mo ṣí wọn lórí itan mi, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì létí. Ní ìkejì, ibi tí wọ́n ti ń tú àpótí àkọsílẹ̀ inú kóòdù ká nígbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, mo rí i. Àgádágodo wà lára àpótí yẹn gan-an. Murugi da àpótí nù, tòun tàgádágodo ara ẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀ṣọ́ ń bọ̀ wá ṣí i.

Ọjọ́ mẹ́rin péré tó dórí oyè! Mo rẹ́rìn-ín títí Bàbá Gakuru fi yọjú wò mí.

"Kí ló dé? Ṣé táǹkì ni?"

"Táǹkì wà dáadáa, Bàbá. Ayọ̀ tèmi ni."

Mo kọ ìwé ńlá kan. Iléeṣẹ́ onídígí wà nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dùn ju oyin lọ. Mo kà á tán, mo dìde, mo ki ọ̀pá bọ táǹkì, mo kọ mẹ́rin sára ògiri, sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo mẹ́rin tó kù. Mo padà wá jókòó, mo sì pa ìwé náà rẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ohun tí mo fi rọ́pò ẹ̀ nìyí:

"Murugi, ní ìkejì, àpótí ti lọ kí ẹ̀ṣọ́ tó dé ìdí àgádágodo. Ṣé kò yẹ kí ẹ̀ṣọ́ kọ́kọ́ jáde ná?"

Mo lè fi ránṣẹ́ sí òun nìkan. Nọ́ńbà ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo lè pè é.

Orí àtẹ ni mo fi sí. Jẹ́jẹ́ ni mo fi ṣe é, kò sí èébú kankan nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo ayé ni.